Àga Ọ̀gá Mùíbì àti Ọ̀dàlẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Àṣírí

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí mi sí irú àwọn ọ̀gá tí wọ́n bá wúkọ́ nínú ọ́fíìsì, tí gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró nítorí wọn kò mọ̀ bóyá àṣẹ ni ikọ́ náà. Bí mo bá wá ń rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí n káàánú, ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Mùíbì Àkànbí ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìwó wọ Ẹ̀jìgbò lọ́dún tó kọjá á ti rí pátákó kan tó ga ju ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí i pé: ILÉ-IṢẸ́ ÀṢÍRÍ. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ MỌ̀ PÉ IBÍ NI. Àwòrán ọ̀gá wà lábẹ́ rẹ̀ nínú agbádá, ó fi ìka kan lé ètè. Kí ó tó dé, yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni ilé-iṣẹ́ tó ń tọpasẹ̀ àwọn olè ní bòókẹ́lẹ́ yìí wà fún ogún ọdún, télọ̀ náà sì rò pé fọ́ọ̀mù ilẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọ̀gá Mùíbì ní àbùkù gbáà ni kí ilé-iṣẹ́ àṣírí wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ló bá kó wọn jáde sí títì.

Ó tún ra àga kan láti Ìbàdàn. Awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, ó ní táyà márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga débi pé bí ọ̀gá bá jókòó sínú rẹ̀, ẹni tó bá dúró lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò gba ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́rin ló yọ férémù ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àga wọlé, wọ́n sì dá férémù padà sáyè rẹ̀. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ àga yìí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tò sẹ́nu ọ̀nà. Bàṣírù awakọ̀ á gba báàgì, Nùsírátù akọ̀wé á gbé fáìlì dání, Olújídé tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá á sì máa ka oyè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ọ̀gá káàárọ̀ títí á fi jókòó, nítorí ó ní òun kì í gba ìkíni lórí ìdúró.

“Ọ̀gá Àgbà Pátápátá,” Olújídé á bẹ̀rẹ̀, “ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò kí wọ́n tó gbé e kaná. Olórí gbogbo etí ní Ẹ̀jìgbò, ní Masifa, ní Ara àti gbogbo àyíká wọn. Bí ẹ bá yọjú, àwọn olè a máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò tíì jà lólè.”

Ọ̀gá á mi orí díẹ̀díẹ̀. “Tún ti ìkòkò yẹn sọ.”

Olújídé á tún un sọ. Díákónì ni Olújídé ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì fi ń tọrọ ìdáríjì fún ohun tí ó sọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Nùsírátù ní tirẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, òun ló ń tọ́jú fáìlì, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin wà. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, ilé ìwé ni ọkọ rẹ̀ rò pé ó ń lọ ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ó fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo tó sì ń wù ú ni kí ó jáde pẹ̀lú orúkọ rere tí ó fi wọlé. Ó ju ọ̀gá lọ ní ọdún mẹ́wàá ó lé, síbẹ̀ “ìwọ” ni ọ̀gá ń pè é lójú gbogbo èèyàn. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀, àwọn olè kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n jí mẹ́ta ní Ara. Wọ́n jí ti Àbẹ̀bí, opó kan tó ń ṣe gààrí ní Masifa, ẹ̀gẹ́ tí ó ti hú sì ń jẹrà nílẹ̀. Ọ̀gá Mùíbì pe ìpàdé, ó ní àwọn yóò ya bo àwọn olè náà ní Ara ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nìkan ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ara ní aago mọ́kànlá, wọ́n bá bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti tò sábẹ́ igi, omi tútù nínú kúlà, àti baálẹ̀ nínú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” baálẹ̀ wí. “Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè fún wa. A ti ń dààmú pé bóyá táyà yín ló jò lọ́nà.”

“Àwọn olè dà?” ọ̀gá béèrè.

“Wọ́n ti lọ látàná, sà. Wọ́n ní ká bá àwọn kí yín.”

Ta ló tú àṣírí yìí? Màá sọ ọ́ fún yín báyìí, kí ẹ má bàa máa da ara yín láàmú bíi ti ọ̀gá. Kò sí ilé kan ní Ẹ̀jìgbò tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tó wà níbẹ̀ ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ń tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún pẹ̀lú àwòrán àwọn èèyàn pàtàkì, mọ́kànlá kéékèèké yí ká, ẹyọ kan gbàǹgbà láàárín. Àárín yẹn ni ọ̀gá ń wá lójú méjèèjì. Nítorí náà, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì, á gbé fóònù sẹ́nu, á sì fi fóìsì Wọ́sáàpù ránṣẹ́ sí Àlájì Ràmọ́nù, alága ẹgbẹ́ náà, á máa ròyìn akin tí òun ti ṣe àti èyí tí òun fẹ́ ṣe lọ́la. Àwọn ará Àbíjàn sì ní àṣà kan. Bí wọ́n bá kóra jọ ní ṣọ́ọ̀bù Àlájì nírọ̀lẹ́, fóìsì tó bá ti ilé wá, wọ́n á gbé e sórí láúdísípíkà kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ohùn ilé. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, kálukú á fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì ṣú tí ọ̀rọ̀ tó ti Ẹ̀jìgbò lọ fi máa ń padà dé Masifa.

Kò wá sí ọ̀gá lọ́kàn rárá pé òun ń tú àṣírí. Lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá sọ sí Àbíjàn, Àbíjàn ló máa wà. Ibodè mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà, kọ́sítọ́ọ̀mù sì wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

“Ọ̀dàlẹ̀ kan wà láàárín wa,” ó kéde láti inú àga rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Mo ń gbóòórùn rẹ̀.”

Bàṣírù sún sẹ́yìn díẹ̀, nítorí àlùbọ́sà tútù ló fi jẹ ẹ̀wà kí ó tó wá síbi iṣẹ́.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní kí kálukú fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó ní ọwọ́ òsì kì í lè purọ́. Ó ní kí wọ́n lọ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, kí wọ́n fi wọn etí gbogbo òṣìṣẹ́, torí pé etí ńlá ló ń gbọ́ ohun tí kò kàn án. Nígbà tí Olújídé wọn etí ọ̀gá fúnra rẹ̀, òun ló gbòòrò jù lọ. Olújídé wo téèpù, ó wo ọ̀gá, ó sì kọ ìdajì rẹ̀ sínú ìwé. Inú ọ̀gá dùn sí bí téèpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, fóònù Nùsírátù dún. Ràshídátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é láti Àbíjàn. “Allô, oui, ça va,” ni Nùsírátù wí, ó sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó pa fóònù. Ọ̀gá ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Faransé,” ni ó sọ, ó sì yí padà sí Olújídé. “Ṣé o gbọ́ ọ? Èdè ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn.”

“Àwọn màmá yín náà, sà,” Bàṣírù wí, “bí inú bá ń bí wọn, Faransé ni wọ́n fi máa ń bú wa.”

“Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú fáìlì,” ọ̀gá pàṣẹ. “Àti pé obìnrin tó lè dákẹ́ fún ogún ọdún, kí ni ohun tó ń dákẹ́ lé lórí? Ìwọ Nùsírátù, mò ń bọ̀ lórí rẹ.”

Ẹ wo irú ẹjọ́ yìí. Wọ́n gba obìnrin síṣẹ́ kí ó lè máa pa ẹnu mọ́, ó pa á mọ́, wọ́n sì tún fi ìyẹn sùn ún.

Ọ̀gá dẹ pańpẹ́. Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún Bàṣírù pé Masifa ni àwọn ń lọ lọ́jọ́ Ajé, ó sọ fún Olújídé pé Ara ni lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ fún Nùsírátù pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni lọ́jọ́ Rú. Irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jò, a ó fi mọ ẹni tó tú u. Kì í ṣe ọgbọ́n burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn jù, kò sì lè dá a gbádùn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Àlájì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wakọ̀ lọ sí Masifa láti lọ wò ó. Àbẹ̀bí jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” Àbẹ̀bí wí. “A ò to bẹ́ǹṣì lónìí o. Wọ́n ní ti irọ́ lẹ fẹ́ ṣe.”

Ní Ara, baálẹ̀ wọ aṣọ oko, ó ní òun gbọ́ pé kò sí ohun pàtàkì. Lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe bi í léèrè bóyá Bàṣírù ti mọ̀ pé pańpẹ́ ni wọ́n dẹ fún òun. Ọ̀gá padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó sínú àga, ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà títí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jò, nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ló ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ẹni tí gbogbo ìwé ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí Nùsírátù jókòó sí.

Ó wá kọ òfin kan tí ó pè ní Ìlànà Lílé Ọ̀dàlẹ̀ Jáde. Ìlà kìíní ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọ̀dàlẹ̀ náà ni yóò lọ. Ìlà kejì ní kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ìlà kẹta ní ọ̀dàlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àga rẹ̀ jáde gba ẹnu ọ̀nà lójú gbogbo èèyàn. Ìlà kẹrin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Olújídé fi ìlà karùn-ún kún un pé òfin náà de gbogbo òṣìṣẹ́ láìka ipò sí, torí pé ó dùn létí. Nùsírátù ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dè. Àga onígi kékeré kan ló ní, ọmọ ọdún méje lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣi ìlà kẹta tẹ̀. Ó délé, ó sunkún ní ilé ìdáná, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé èéfín ni.

Láti lè fi ẹ̀rí tó dájú mú un, lọ́jọ́ Rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá kọ àṣírí kan sínú ìwé, ó fi í sínú àpòòwé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ sí ojú ibi tí ó lẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó sì gbé e fún Nùsírátù.

“Tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù,” ó wí. “Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jáde, ìwọ ni. Kò sí ẹlòmíràn.”

“Ó dáa, sà,” Nùsírátù wí, ó sì tì í pa.

Ọ̀gá ránṣẹ́ sí Òṣogbo pé kí olùdarí wá fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀dàlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ó kírun Àsárì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣe.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá wọ ṣòkòtò pénpé tó ti ya lórúnkún, ó dé akẹtẹ̀, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí Masifa bí àgbẹ̀. Ohun tó kọ sínú àpòòwé nìyẹn. Bí ó ṣe dé ìta Masifa, àwọn obìnrin tó ń lọ sódò kúnlẹ̀.

“Ẹ kú oko, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá.”

“Èmi kọ́,” ọ̀gá wí. “Àgbẹ̀ ni mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ lẹ máa sọ.”

Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ẹ̀ fò. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó gun ún títí dé Ẹ̀jìgbò láìsinmi, Àbẹ̀bí sì gun ọ̀kadà tẹ̀lé e, torí ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lóhùn lé lórí. Nígbà tí wọ́n dé, Màdáàmù Damaris, olùdarí láti Òṣogbo, ti jókòó dè wọ́n. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ọ̀gá láti akẹtẹ̀ dé orúnkún.

“Màdáàmù,” ọ̀gá wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “òní ni ọjọ́ tí ìtàn kò ní gbàgbé. Ọ̀dàlẹ̀ tó ti ń jẹ wá run láti inú wa ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Gbogbo Masifa ló mọ àṣírí mi, ọwọ́ obìnrin yìí nìkan ló sì wà. Nùsírátù, mú àpòòwé wá.”

Nùsírátù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú un wá. Màdáàmù Damaris yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù kò ṣí. Ìfọwọ́sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.

“Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?” ó béèrè.

“Rárá, mà. Wọn ò ní kí n ṣí i.”

“Ọ̀gá Mùíbì, ta ló tún mọ̀ ọ́n?”

“Kò sí, màdáàmù. Èmi nìkan.”

Olújídé bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka páànù. Màdáàmù Damaris yíjú sí Àbẹ̀bí, ó bi í léèrè ẹni tó sọ ọ́ fún wọn ní Masifa.

“Àwọn náà ni, mà,” Àbẹ̀bí wí, ó sì rọra na ọwọ́ sí ọ̀gá. “Àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ sí mi láti Àbíjàn.” Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ọ̀gá sì kún gbogbo yàrá.

“Àlájì mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ẹ̀dá kan lórí ilẹ̀ ayé tó mọ̀ ọ́n. Lọ́la, àgbẹ̀ ni mo máa dà. Mo ti yá ọkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ti kàlẹ́ńdà yẹn, ẹ má gbàgbé àárín.”

“Àbíjàn ni mo sọ ọ́ sí,” ọ̀gá wí. “Mi ò sọ ọ́ ní Nàìjíríà.”

Màdáàmù Damaris ní kí Nùsírátù ka òfin tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Nùsírátù kà á láti ìlà kìíní dé ìkarùn-ún, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Nígbà tí ó dé “láìka ipò sí,” Olújídé ń dọ́gbọ́n rìn jáde.

Ọ̀gá ti àga títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Àga dúró níbẹ̀. Ó yí i ní ẹ̀gbẹ́, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbé táyà rẹ̀ sókè, ó fi èjìká tì í, ó sì há mọ́ férémù pátápátá, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Akẹtẹ̀ já bọ́. Àwọn èèyàn ti ń dúró lójú títì lábẹ́ pátákó, wọ́n ń wò ó.

“Ìyá Sàídátù,” ó wí nígbẹ̀yìn, orúkọ ọmọ Nùsírátù tí kò fi pè é rí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú.”

“Ìlà kẹrin, sà,” Nùsírátù wí jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó lọ gbé àga onígi rẹ̀ wá, ó gbé e síwájú ọ̀gá kí ó lè fìdí lé e. Àánú ṣe é, ó sì ju tèmi lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá jókòó sí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àlájì Ràmọ́nù ni.

“Ọ̀gá wa, ẹ kú ìrọ́jú o,” Àlájì wí. “A gbọ́ pé kò gba ẹnu ọ̀nà.”

Àbẹ̀bí ń fi fóònù rẹ̀ sínú àpò díẹ̀díẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́rin náà ló tún wá yọ férémù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ náà mú àwọn olè tí wọ́n ti padà sí Ara, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò to bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ Àbẹ̀bí sì padà dé Masifa. Wọ́n wó pátákó náà. Nùsírátù padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ láti parí oṣù tó kù.

Nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé, kàlẹ́ńdà dé láti Àbíjàn. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbàgbé àárín. Ọ̀gá Mùíbì ló wà níbẹ̀ gbàǹgbà, nínú ṣòkòtò pénpé àti akẹtẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọ̀GBẸ́NI MÙÍBÌ ÀKÀNBÍ, AKỌ̀RÒYÌN WA NÍLÉ. Nùsírátù fi ìṣó kan gbé e kọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Àlejò kan láti Òṣogbo dúró wò ó títí, ó bi í léèrè ẹni tí bàbá yìí jẹ́ àti ohun tó ṣe.

“Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, sà,” Nùsírátù wí, ó sì ti kọ́bọ́ọ̀dù náà pa.